Ìbọ̀sẹ̀ Tí Mo Fi Dúró Ta Abọ́ ní Òṣòdì

Náírà kan ni wọ́n ń gbà nígbà náà láti ya fọ́tò aláwọ̀ mèremère kan ní Òṣòdì, àwọn èèyàn sì ń tò sí i bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni. Owó epo ti dé ìlú. Òórùn rọ́bà láti àwọn ilé iṣẹ́ Ìsọlọ̀ a máa pàdé òórùn ẹja díndín lẹ́nu ìsọ̀ mi, èmi a sì máa sọ fún ara mi pé òórùn owó nìyẹn. Abọ́ tánganran ni mò ń tà. Abọ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jókòó tà, ọ̀rẹ́ mi; o ní láti gbé e sókè, kí o fi ìka kàn án, kí oníbàárà fetí ara rẹ̀ gbọ́ pé kò sán.

Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ mi ti kọ ìdúró. Iṣan rẹ̀ wú, ó lọ́ bí okùn ewúrẹ́ tó ti yí èèkàn ká. Tó bá ti di ọ̀sán, mo ti jókòó, oníbàárà a sì kọjá sọ́dọ̀ obìnrin oníbàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òun náà ló lọ bá ìyálọ́jà pé kí wọ́n fún òun ní ìsọ̀ mi, pé mo ti di aláìsàn. Ìyálọ́jà ní bí n kò bá lè dúró tajà lọ́sẹ̀ Kérésìmesì, òun á gbé e fún un. Ni oníbàtà bá ń fi okùn wọn iwájú ìsọ̀ mi lójú mi, bíi káfíńtà tó fẹ́ kan pósí.

Nọ́ọ̀sì kan ló ní kí n lọ ra ìbọ̀sẹ̀ gígùn tó máa ń fún ẹsẹ̀ pinpin. Ní kẹ́míìsì kan ní Ìsọlọ̀, mo ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe tá a bá ń ra aṣọ ọdún fọ́mọ: mo mú èyí tó tóbi jù, kó lè pẹ́. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Mo tún ná an débi pé mo rò pé mo ti rẹ́ wọn jẹ. Lọ́jọ́ kejì, níbi tí mo ti ń kan abọ́, méjèèjì já bọ́ sí ọrùn ẹsẹ̀ mi bí awọ ejò. Oníbàtà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Ó ní, “Ìyá Alábọ́, ẹ má bọ́ra sáàárín ọjà o.”

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì padà sí kẹ́míìsì. Obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ wo ẹsẹ̀ mi, ó ní kí n wá láàárọ̀ kùtù, kó tó wú. Nígbà tí mo dé, ó fi téèpù wọn ọrùn ẹsẹ̀, ó wọn ibi tó sanra jù nísàlẹ̀ orúnkún, ó wá mú ìbọ̀sẹ̀ tíńtín kan jáde. Mo bi í pé ọmọ ta ló ni ín.

“Tiyín ni, mà. Èyí tó bá rọrùn láti wọ̀ kò wúlò fún yín.”

Lọ́sẹ̀ Kérésìmesì, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń bá a jà kí n tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Mo làágùn, mo bú u, ó wọlé. Mo dúró láti àárọ̀ títí àwọn òṣìṣẹ́ fi tú jáde pẹ̀lú owó ọdún lápò wọn, mo sì ń kan abọ́ bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyálọ́jà kọjá, ó wò mí látorí délẹ̀, ó yíjú sí oníbàtà.

“Ìwọ, lọ wá ìsọ̀ síbòmíì.”

Láti ìgbà náà, mi ò ra nǹkan tìtorí pé ó wọlé wẹ́rẹ́ mọ́. Mo ti mọ̀ pé ohun tó máa gbé mi dúró kò ní ṣe mí jẹ́jẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìyálọ́jà kọjá yẹn, orí ìdúró ni mo ti ka èrè mi, mo sì kà á sókè kí oníbàtà lè gbọ́ dáadáa: náírà mẹ́tàlélógún àti àádọ́ta kọ́bọ̀.