Ẹ̀rọ Tó Jẹ Àgbàdo Màmá

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì lójijì, àyà mi máa ń já. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe tiwa. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan, tó máa ń kó ẹrù wá láti Kútọnu, ló gbé e sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìmẹ̀kọ. Ó ní òun ń padà lọ kó ìyókù ẹrù òun. Kò pẹ́ tó lọ tí ìjọba fi ti ẹnubodè. A ò rí i mọ́, fóònù rẹ̀ ò sì lọ.

A ò mọ ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ náà ṣe. Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé tó bá a wá, èmi tíṣà gan-an ò sì lè ka ìlà kan níbẹ̀. Ó ní ẹnu gbàgàdà lókè, ó ní ihò wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀. Ọkọ mi tan án, ó da èèpo ẹ̀gẹ́ sí i lẹ́nu. Ẹ̀rọ náà bú ramúramù, ó gbọ̀n, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan gbígbóná kan jáde, tó le, tó rí bíi ṣọ́ọ̀kì tí ọmọ ilé-ìwé ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. A da ewé sí i, ṣọ́ọ̀kì ló yọ. A da eegun ẹja sí i, ṣọ́ọ̀kì náà ni. Àwọn aládùúgbò ń gbé tiwọn wá wò, kò sì sẹ́ni tó lè dá ohun tó gbé wá mọ̀ mọ́ tó bá ti jáde. Ẹ̀rù ìyẹn ló ń bà mí jù.

Màmá, ìyá ọkọ mi, kì í sún mọ́ ọn. Ó ní, "Ohun tó ń jẹ gbogbo nǹkan tí kì í yó, ẹ má kẹ̀yìn sí i o."

Mo ń sin adìẹ nígbà náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ẹnubodè, oúnjẹ adìẹ ti di ọ̀wọ́n gógó, àwọn adìẹ mi sì ti ń ṣá ara wọn jẹ. Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń yọ ni mo fi ń bọ́ wọn. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan tí mo ti ilé-ìwé dé, kò sí èèpo, kò sí nǹkan kan. Mo bá wọ ilé ìdáná Màmá. Àgbàdo so rọ̀ lókè ààrò, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú.

N ò ní purọ́. Mo mọ̀ pé irúgbìn ni. Ìyá Màmá ló kó o lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó ń wá sílé ọkọ láti Kétu, lápá ọ̀hún ẹnubodè. Ọdọọdún ló ń gbìn ín, tó sì ń so díẹ̀ kọ́ de òjò tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ míṣọ́nnì ni mí, Ìlaròó ni wọ́n bí mi sí; lójú tèmi, àgbàdo ni gbogbo àgbàdo ń jẹ́. Mo ní n óò ra òmíràn lọ́jà kí òjò tó dé. Mo já gbogbo rẹ̀, mo yín in, mo bu omi sí i díẹ̀, mo sì dà á sẹ́nu ẹ̀rọ.

Màmá ti oko dé, ó gbójú sókè ààrò. Ó nawọ́ sókè, kò kan nǹkan kan.

"Ìyàwó, níbo ni wọ́n wà?"

Mo jẹ́wọ́. Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá, n óò ra òmíràn fún yín lọ́jà."

"Ọjà wo? Àwọn tó ní i wà lọ́hùn-ún. Wọ́n sì ti ti ọ̀nà."

Ì bá sàn kó bú mi. Kò bú mi. Ó ní kí n kó èyí tí àwọn adìẹ ò tíì jẹ wá. Kò tó abọ́ kan. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé, ó ń gbìn ín ní méjì-méjì, ó ń fi gìgísẹ̀ bò ó. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má gbìn ín. Màmá ní, "Àgbàdo ló wọ inú ẹ̀rọ yẹn. Yóò rántí ara rẹ̀."

Ojú Màmá ò ríran dáadáa mọ́. Láràárọ̀ ló máa ń fọwọ́ tálẹ̀ lórí ebè, á wá pè mí: "Ìyàwó, bá mi wò ó, ṣé ó ti ń yọjú?" Mo ń gbọ́ ohùn yẹn ní kíláàsì. Mo ń gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá dúró lẹ́bàá ebè náà, ó máa ń ṣe mí bíi pé nǹkan kan ń wò mí láti abẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo ra àgbàdo lọ́jà, mo dúró di ọjọ́ tí Màmá lọ kí aláìsàn kan, mo sì gbìn ín sínú gbogbo ihò tó gbẹ́.

Ó hù. Màmá fọwọ́ kan ewé rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ó pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá wo ohun tó jàjàbọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ. Wọ́n wo ewé, wọ́n wo ẹ̀rọ, kò sì sẹ́ni tó tún fi nǹkan kan sínú rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ojú ń tì mí.

Nígbà tí àgbàdo gbó, mo sè é, mo gbé ti Màmá fún un. Ó bù ú jẹ, ó ń rún un lẹ́nu, ó dúró. Ó fi àtàǹpàkò ka hóró rẹ̀ ní ìlà-ìlà, láti ìdí dé orí. Mo dúró síbẹ̀ tèmi ti abọ́.

"Ìyàwó," ó ní, "o gbìn ín dáadáa."

Ó jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ó ní kí n se gbogbo ìyókù fún àwọn ọmọ, kí n má so ẹyọ kan kọ́ sókè ààrò.