Ẹ̀gbọ́n Mi Jóṣúà, Tí Mo Pè Ní Òkú Láàyè

Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi Jóṣúà Àyìndé, ó dìgbà kan ná o, ó dojú àlá. Ẹnu wo ni kí n fi sunkún yín? Ẹnu mi yìí kan náà ló kọ́kọ́ pa yín.

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀yin ará ọjà Albert, ọkùnrin gíga tó ń ká aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi, tí ẹ ń pè ní Jọ́ọ̀jì, tó ń pè mí ní ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìyá kan náà ló bí wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òun ló mú mi wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí ìlú yìí láàárín àwọn Wolof, nígbà tó ṣì ń jẹ́ Bathurst.

Ẹ̀gbọ́n mi, ìlú Basse lókè odò lẹ̀yin ti ń tajà nígbà náà, tí ẹ ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí mi. Ọjà mọ orúkọ yín, wọn ò mọ ojú yín. Ẹ máa ń wí pé, “Àkànbí, má kánjú ká aṣọ. Aṣọ tá a fi ìkánjú ká, oníbàárà á fi ìkánjú kọ̀ ọ́.”

Nígbà tí àìsàn ọpọlọ dé, tí ẹ ń bá ẹni tí a ò rí sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án gangan, mo gbé yín wá sí ilé ìwòsàn níbí. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mo sọ fún ọjà pé ẹ ti lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún ń gorí ọdún, wọn ò yéé béèrè yín. Lọ́jọ́ kan ó sú mi, mo ní ẹ ti kú. Ojú tì mí o! Ìjọ kọrin arò. Àwọn Wolof tó yí wa ká mú obì wá, wọ́n ń kí mi ní “sìgìl ndìgáálé”, bí wọ́n ti ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Mo gba obì. Mo tilẹ̀ sunkún. Ẹ̀yin sì wà láàyè, ẹ ń retí mi lọ́jọ́ ìbẹ̀wò.

Nígbà tí dókítà wá ní ara yín ti yá, pé kí ẹ máa lo oògùn láàárín àwọn èèyàn yín, jìnnìjìnnì bò mí. Mo mú yín wá sílé mi ní Old Jeshwang, mo bẹ̀ yín pé tá a bá dé ọjà, kí ẹ máa jẹ́ Jọ́ọ̀jì, ará ilé kan tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Ẹ ní, “Kò burú, kí wọ́n má ba orúkọ rẹ jẹ́.” Háà, ẹ̀gbọ́n mi!

Láràárọ̀, mo ń ti ilẹ̀kùn kí n tó dọ̀bálẹ̀ kí yín. Tá a bá dé ọjà, ẹ̀yin lẹ ń ru ẹrù tẹ̀lé mi. Nọ́ọ̀sì, ọmọ Aku, ìran àwọn ẹrú Yorùbá tí wọ́n dá sílẹ̀ níbí, tó ń gun kẹ̀kẹ́ wá wò yín nílé, yẹ oògùn yín wò lọ́jọ́ kan, ó wá kọjú sí mi. Ó ní oògùn ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń pe ọkùnrin yìí ní orúkọ rẹ̀? Mo rẹ́rìn-ín, mo yí ọ̀rọ̀ padà.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí ìyá arúgbó tó ń ta ẹ̀pà níwájú wa rántí òkú mi. Ó gbójú sókè, ó ní kí Ọlọ́run dárí ji Jóṣúà, kó fi í sí ibi tó tutù. Ẹ̀yin lẹ ṣe àmín. Ẹ sì ń ká aṣọ yín lọ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Mo ní n ó jẹ́wọ́ lọ́jọ́ Ìkórè, níwájú gbogbo ìjọ. Ìkórè dé, mo sún un di Kérésì. Ikọ́ tó ń ṣe yín kò dúró de Kérésì, ó mú yín lọ.

Káfíńtà bi mí pé orúkọ wo ni kí òun kọ sára pósí. Mo ní Jóṣúà. Ó ní ṣé kì í ṣe Jọ́ọ̀jì ni? Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kí mi ní sìgìl ndìgáálé lónìí. Mo ti gbà á nígbà kan lórí òkú yìí kan náà.

Ẹ̀gbọ́n mi Jóṣúà, ilẹ̀kùn ti ṣí, gbogbo ọjà ń wò mí, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ sùn re o.

Àbúrò yín, Àkànbí.