Omidùn Tí Wọ́n Ní Kí N Dànù

Ní oṣù tó kọjá, obìnrin kan wá bá mi nílé ní Ìkirè. Olùkọ́ ni ní yunifásítì, lábẹ́ ọ̀gá mi àtijọ́ ló sì ti kẹ́kọ̀ọ́. Ó ra dòdò Ìkirè wá fún mi lẹ́bàá títì, èmi tí mò ń gbé Ìkirè. Ó ní ọ̀gá náà fẹ́ pé ọmọ ọgọ́rin ọdún, àwọn ń kó ìwé ìyìn jọ, kí n jọ̀ọ́ kọ ojú ìwé kan.

Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ìtàn oògùn ibà tó sọ ọ̀gá náà di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ọ̀gá jókòó nídìí oúnjẹ, wọ́n rí ìgò fínígà, omi kíkan àwọn òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni èrò náà ṣe wá.

Ìgò fínígà! Irọ́ náà dùn mí ju olè jíjà lọ.

Ògì ni ìyá mi ń tà ní Àpòmù. Wọ́n tún máa ń fún àwọn ọmọ tí ibà ń ṣe ní àgbo èèpo igi kan. Mi ò ní dárúkọ igi náà, ohun tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ wa tó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú kẹ́mísírì nígbà náà, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ọ̀gá yìí. Iṣẹ́ wa ni láti fa ohun tó ń woni sàn jáde lára ewé àti èèpo, kí a gé ibì kan kúrò lára rẹ̀, tàbí kí a so nǹkan mìíràn mọ́ ọn, títí yóò fi ṣiṣẹ́ ju bí igi ṣe fún wa lọ. Èmi ni mo mú èèpo ìyá mi lọ síbẹ̀. A sá a, a lọ̀ ọ́, a fi sípíríìtì fà á, a rí ohun funfun kan bí iyọ̀ gbà. A fi í fún àwọn eku tí a ti kó ibà ràn. Gbogbo wọn ló kú.

"Oògùn ìyá ẹ nìyẹn," ọ̀gá wí lójú gbogbo ènìyàn.

Mo gbé ìtìjú yẹn lọ sí Àpòmù, mo sì dà á lé ìyá mi lórí. Wọn ò bínú. Wọ́n bi mí pé ọjọ́ mélòó ni a rẹ èèpo náà sínú omidùn, ìyẹn omi kíkan tó máa ń dúró lórí ògì. Mo ní omi lásán ni omidùn, sípíríìtì tí àwa ní dára jù ú lọ.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni," wọ́n ní. "Bí kò bá pé ọjọ́ mẹ́ta, mi ò jẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ mu."

Ọkọ̀ tó ń gbé mi padà sí láàbù ti dé Aséjíre kí orí mi tó ṣí. Ohun funfun wa ní ṣúgà lára, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bóyá ṣúgà yẹn ni kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́, ásíìdì a sì máa gé irú rẹ̀ kúrò. Kí ló ń kan nínú omidùn bí kò ṣe ásíìdì? Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sọdá títì, mo wọ ọkọ̀ padà lọ bu omidùn kẹ́ẹ̀gì kan.

Òórùn rẹ̀ ni ọ̀gá kọ́kọ́ gbọ́. Ó bèèrè ẹni tó sọ láàbù òun di ilé ológì, ó sì ní kí n lọ dà á sí gọ́tà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dúró wò mí bí mo ṣe ń dà á. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Ológì ni wọ́n ń pè mí. Ṣùgbọ́n mi ò da gbogbo rẹ̀ nù. Nígbà tí ọ̀gá rìnrìn àjò, mo rẹ ohun funfun náà fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì fi í fún àwọn eku mìíràn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn yè. Mo lọ sọ fún ìyá mi.

"Èwo ni ti eku?" wọ́n ní. "Ṣé àwọn ọmọ ò ti ń yè tẹ́lẹ̀ ni?"

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé iṣẹ́ mi: omidùn, Àpòmù, ọjọ́ mẹ́ta, ìyá mi. Ọ̀gá dé, ó kà á, ó ní òun yóò bá mi tọ́jú ìwé náà. Mi ò rí i mọ́. Nígbà tí iṣẹ́ náà jáde, omidùn ti di ásíìdì, èrò ti di tirẹ̀, orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Mo lọ bá a. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí òun kọ orúkọ ológì sínú ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Mo sọ gbogbo èyí fún àlejò mi.

"Mọ́mì, ọjọ́ mẹ́ta lẹ wí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Títí dòní, ọjọ́ mẹ́ta là ń fi ohun funfun náà sínú ásíìdì. Bí ásíìdì náà ṣe le tó, wákàtí mélòó kan ti tó. A bi ọ̀gá pé kí ló dé, wọ́n ní ká má fọwọ́ kàn án."

Olè tó jí ìkòkò, tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sè nínú rẹ̀! Mo mú bébà, mo kọ ọ́ níṣojú rẹ̀ pé ìyá mi, ológì ní Àpòmù, ló ni ọjọ́ mẹ́ta inú iṣẹ́ wọn. Ó gbà á lọ́wọ́ méjèèjì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí. Ó ní ìgbìmọ̀ ní ọ̀rọ̀ mi kò bá àjọyọ̀ mu, ṣé mo lè kọ nípa inú rere ọ̀gá. Mo bi í bóyá wọ́n ti dín ọjọ́ mẹ́ta náà kù. Ó ní rárá.

Èmi náà jẹ̀bi. Èmi ni mo kọ́kọ́ pe omidùn ní omi lásán, lójú ìyá mi. Mi ò kọ ojú ìwé mìíràn fún wọn. Èyí ni mo kọ.