Bọ́ǹbù Tí Rhoda Ń Tà

Wọ́n ní Rhoda Ugbonla ń ta bọ́ǹbù lórí fóònù fún àwọn ọ̀tá, ìròyìn náà sì le débi pé ẹja sá kúrò létí odò. Ni Godspower àti àwọn oníbọn rẹ̀ bá gbé epo pẹtiróòlù, wọ́n tukọ̀ wá sun ilé rẹ̀.

Godspower na fóònù sókè. "Àǹtí, ṣọ́ọ̀bù yín ló kọ ọ́: 'Ó lè bú gbàmù!'"

Rhoda jáde sórí afárá pákó.

"Èmi ni mo kọ ọ́. Sítóòfù gáàsì ni. Òfin ló ní kí oníbàárà ka ewu ọjà kó tó sanwó. Ẹyọ kan péré ni mo tíì tà, ìyá rẹ ló rà á. Lọ bi í bóyá ó ti bú."