Káńtà Ìrókò Tí Bàbá Mi Kàn

Ilé báńkì àtijọ́ kan wà ní Ọ̀tà tí ògiri rẹ̀ nípọn débi pé bó ti wù kí oòrùn mú tó, inú rẹ̀ a tutù. Fèrèsé rẹ̀ ga, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ tẹ̀rásò tó ń dán. Àwọn àgbà a máa rẹ ohùn sílẹ̀ bí wọ́n bá wọ ibẹ̀. Bàbá mi, káfíńtà tó wá láti Ọ̀yọ́, ló kàn káńtà inú rẹ̀. Odindi pákó ìrókò kan ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí mo bá gbé oúnjẹ lọ fún bàbá mi, wọ́n á fi sáńpépà lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa ha abẹ́ pákó náà.

"Bàbá, ta ló máa rí abẹ́?"

"Ìwọ. Ṣáà máa ha á."

Báńkì ti kó lọ sí ilé onígíláàsì. Ẹja yìnyín ni wọ́n ń tà nínú ilé àtijọ́ náà báyìí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ yà síbẹ̀, òórùn ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Omi ẹlẹ́jẹ̀ dárogún sórí tẹ̀rásò, ìpẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri, ìdin ń rìn ní kọ̀rọ̀ tí máníjà ń jókòó sí. Obìnrin tó ni ìsọ̀ ń fi àdá gé ẹja lórí pákó bàbá mi. Ojú pákó náà ti di kìkì ọgbẹ́.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n fi pákó tuntun pààrọ̀ rẹ̀.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mọ̀mí, ẹja làwọn èèyàn ń wá rà, ẹ̀yin ń wá pákó! Kí lẹ fẹ́ fi èyí tó ń rùn yìí ṣe?"

N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo sọ̀rọ̀. "Bàbá mi ló kàn án. Ẹ fọwọ́ ra abẹ́ rẹ̀ wò."

Ó fọwọ́ ra á. "Háà! Ó mà jọ̀lọ̀ o! Ó dáa, ẹ gbé tiyín wá ní Sátidé."

Mo ní kí káfíńtà kan ní Sàngó gé pákó tó bá a mu gẹ́lẹ́. Ní Sátidé, bí mo ṣe gbé e wọlé, obìnrin náà pariwo ayọ̀.

"Mọ̀mí, ẹ káre! Ẹ̀yin lẹ là mí lójú. Mo ti ní kí wọ́n yọ ìṣó pákó bàbá yín, kí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀. Abẹ́ yẹn ló dáa jù! Ẹ máa gbé tiyín lọ, a ò nílò ẹ̀ mọ́."

Ó gbé páńlá kan lé ibi tí mo ha, ó sì ṣá a. Ẹ̀jẹ̀ rọra wọ inú igi. Ó na orí ẹja náà sí mi, ó ní ti ọpẹ́ ni.

N kò gbà á. Mo gbé pákó tuntun mi jáde, mo sì bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn báńkì.