Ọmọrí Ìkòkò Tíì

Láti ọjọ́ tí ọkọ ìyá aránṣọ ti papò dà, oúnjẹ ti di egbòogi lẹ́nu rẹ̀. Yóò bu díẹ̀ jẹ, yóò ní òun ti yó. Ẹni tó ń bá gbogbo àdúgbò dín aṣọ kù kò rántí dín tara rẹ̀, tó ti ń yọ lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀rù ba àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin.

"Màámi, ẹ dìde. Lónìí, ẹ ó jẹun yó, kì í ṣe yó tẹnu lásán."

Ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà ló mú wọn lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta dímúsọ́ọ̀mù: òkèlè kéékèèké nínú apẹ̀rẹ̀ ọparun, tí ooru ń rú lórí rẹ̀. Ìyá ti igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fọwọ́ mú ọ̀kan, ó yí i wò. Iyẹ̀fun pípò fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi wé edé, wọ́n sì ṣẹ́ etí rẹ̀ po wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ìdí yẹ̀rì ọmọdé.

"Ta ló rán èyí?"

"Màámi, ẹ jẹ ẹ́, ẹ má wọ̀n ọ́n!"

Ó jẹ ẹ́. Ó tún nawọ́. Inú ọmọ dùn dé ẹsẹ̀.

Tíì tí wọ́n ń mu tán. Ọmọ ṣí ọmọrí ìkòkò rẹ̀, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá dé e. Ọmọ tún ṣí i. Ìyá tún dé e pa.

"Ṣé kí eṣinṣin wá wẹ̀ níbẹ̀ ni? Ìwà bàbá rẹ gẹ́lẹ́! Kò dé ìkòkò kan rí láyé ẹ̀. Èmi ni mò ń tẹ̀ lé e kiri bí ẹni ń da ewúrẹ́."

Bó ti dárúkọ bàbá, ó gbé òkèlè ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti apẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn.

"Mo ti yó."

Àyà ọmọ já. Àfi bí obìnrin tó ń gbé oúnjẹ ṣe dúró tì wọ́n.

"Màmá, ẹ má bínú o. Mo gbé omi gbóná bọ̀ títí, mo tún ń padà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ṣí ìkòkò sílẹ̀ ló ń bèèrè sí i. Ẹni tó dé e ló ti yó."

Ìyá wo ìkòkò, ó wo ọmọrí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó gun àyà, ó bú jáde.

"Yéè! Bàbá wọn! Àṣé ẹ ń bèèrè sí i ni, tí mo wá ń dé e mọ́ yín lójú!"

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dé e, Màámi. Inú bàbá ì bá ti bẹ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tó rọlẹ̀, ọmọ bèèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ṣó ti wá tó?"

Ìyá fa apẹ̀rẹ̀ mọ́ra. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ọmọrí, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò gbalaja, ó sì ké sí obìnrin tó ń gbé oúnjẹ náà.

"Ọmọ mi, mo ti ṣí i o! Bó o bá ń bọ̀, bá mi gbé edé ẹlẹ́yẹ̀rì yẹn dání."