Àtàǹpàkò Télọ̀

Omi wíwò ni iṣẹ́ ìyàwó àbúrò mi. Ní láàbù ilé-iṣẹ́ omi ẹ̀rọ, á kán ẹ̀kán omi kan sórí gíláàsì, á tẹjú mọ́ awò tó ń sọ ohun tíńtín di ńlá. Olójú Awò ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

"Bùọ̀dá, ẹ wo eléyìí," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan. "Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara rẹ̀. Òun náà ló ń jẹun, òun ló ń rìn, òun ló ń pín ara rẹ̀ sí méjì tó bá fẹ́ bímọ. Bí wọ́n bá gé e lára díẹ̀, á pa ojú ọgbẹ́ dé, á bá tirẹ̀ lọ."

"Àpọ́n tó mọ ọbẹ̀ sè," mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Télọ̀ ni àbúrò mi. Gíláàsì fèrèsé já lu ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó gé iṣan tó ń jẹ́ kí àtàǹpàkò mọ nǹkan lára. Dókítà rán an pọ̀, ó ní ó lè hù padà díẹ̀díẹ̀, ó sì lè má hù dé òpin. Télọ̀ tí kò mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ òun, kí ló fẹ́ rán?

"Sẹ́ẹ̀lì inú ara wa ti pín iṣẹ́ láàárín ara wọn," ìyàwó rẹ̀ ní. "Ti iṣan ò mọ̀ ju kó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ wá bá a. Tí òun náà bá wá dákẹ́, kò sí ẹlòmíràn tó lè gba ipò rẹ̀."

Láràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, ìyàwó á fi abẹ́rẹ́ tọ́ àtàǹpàkò náà wò bóyá ó ti mọ nǹkan lára. Lọ́jọ́ kan ọkọ ké "Yéè!" Ayọ̀ gbalé. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyàwó jẹ́rìí níwájú ìjọ, gbogbo wa sì ṣe àmín.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ojú mi ló ṣe: ọkọ ké "Yéè!" kí abẹ́rẹ́ tó kàn án lára.

"Kí ló dùn yín?" ìyàwó béèrè.

"Abẹ́rẹ́ ni."

"Abẹ́rẹ́ tó ṣì wà lókè níbí?"

"Ṣé mo wá ń purọ́ ni? Láti kékeré ni abẹ́rẹ́ ti ń gún mi. Tí mo bá ti rí i báyìí, ara mi á ti gbọ̀n."

Ìyàwó mú àjákù aṣọ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó fi dì í lójú. Ó gún àtàǹpàkò. Ọkọ kò mira. Ó tún un gún.

"Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni?" àbúrò mi béèrè.

Ẹ̀rí tí a jẹ́ ńkọ́? Àmín tí mo ṣe, kí ni mo ṣe é lé lórí? Mo mọ̀ pé Ẹni tó rántí ẹ̀dá inú ẹ̀kán omi kò ní gbàgbé télọ̀. Mo mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ mi ò lè gbójú kúrò lára ọwọ́ náà.

Ìyàwó kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́, ó ń fi orí ìka lu ara jẹ́jẹ́ bí dókítà ṣe kọ́ ọ. Nígbà tó dé ìdí àtàǹpàkò, ọkọ fò dìde tòun ti aṣọ lójú.

"Kí nìyẹn? Ó ta mí bí iná mànàmáná!"

Ìyàwó fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀ sàmì síbẹ̀. "Ibi tí iṣan náà hù dé nìyí."

"Ṣé á dé orí ìka?" mo béèrè.

"Bùọ̀dá, mi ò mọ̀."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìyàwó tún dìde níwájú ìjọ. Ó ní òun ti yára jẹ́rìí, ọwọ́ náà kò tíì jí, kí ìjọ bá àwọn bẹ Ọlọ́run. Àwọn kan ń mi orí. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe àmín, ohùn mi kò sì fi bẹ́ẹ̀ jáde.